Ìràwọ̀ Kan Lórí Google: Ìdáhùn fún Onídìrí Kan ní Adó-Èkìtì

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Onídìrí ni mí ní Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì. Rífíù márùn-ún, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà kọ nípa iṣẹ́ mi, ni mo ní lórí Google, ìràwọ̀ márùn-ún márùn-ún sì ni gbogbo wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ẹnì kan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí fún mi ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Ohun tó kọ ni pé, ‘Wọ́n ba irun mi jẹ́. Olè ni wọ́n.’ Ọkàn mi ń sọ fún mi pé ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni, tó ṣe fìrídọ́ọ̀mù lọ́dún tó kọjá, tó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí òdìkejì ọ̀nà. Ọmọkùnrin kan ní òun lè bá mi ra àádọ́ta rífíù onírawọ̀ márùn-ún. Àbúrò mi ní kí n má náwó, kí n jẹ́ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa bá mi kọ ọ́. Ọkọ mi ní ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló kàn. Ó tún ku ọ̀kan: oníbàárà mìíràn sọ fún mi lójú ara mi pé bí n kò bá dá gbogbo owó òun padà, òun náà á gbé mi sórí Google. Kí ni kí n ṣe?”

Ẹ kú àmúmọ́ra, àǹtí mi. Iṣẹ́ tèmi ni pé mo máa ń bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Adó àti agbègbè rẹ̀ to ojú-ewé wọn sórí Google: onídìrí, télọ̀, onígbàjámọ̀, àwọn tó ń kun ojú fún ìyàwó tuntun. Irú ẹjọ́ yín yìí kì í pẹ́ dé etí mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn nínú rẹ̀: ta ló kọ ọ́, ṣé òótọ́ ni ohun tó kọ, kí sì ni ẹ fẹ́ ṣe sí i. Orí ti àkọ́kọ́ ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀, òun gan-an ló sì ṣòro jù láti mọ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, kò ní yí ohun tí ẹ máa ṣe padà púpọ̀.

Pé ẹ kò mọ orúkọ náà kò sọ rífíù di irọ́. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́ ló fọwọ́ ara wọn ṣí àkáǹtì Google tó wà lórí fóònù wọn. Ọmọ tó ta fóònù fún wọn ní Fájuyì ló bá wọn ṣí i, orúkọ tó bá sì kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ló fi sí i. Mo ti rí rífíù tó jẹ́ pé orúkọ fóònù Tecno ló jáde bí orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹlòmíràn ń lo fóònù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò kù, orúkọ ẹ̀gbọ́n ni ẹ máa rí. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé ọmọ òdìkejì ọ̀nà ni, ẹ pe àwọn ọmọṣẹ́ yín jókòó, kí ẹ bi wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ní ọjọ́ tí ẹ lọ òde, ṣé ẹnì kan wá tí wọ́n bá dìrí tó sì fìbínú lọ? Ọmọṣẹ́ kì í sábà ròyìn oníbàárà tó bínú fún ọ̀gá rẹ̀, ẹ̀rù ń bà á. Bí ẹ bá pariwo mọ́ wọn, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìwé tí ẹ ń kọ orúkọ oníbàárà sí. Bí ẹ kò bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ ra ọ̀kan lónìí: ọjọ́, orúkọ, nọ́ńbà fóònù, irú irun, iye owó, àti ọmọ tó dì í. Láìsí ìwé yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni gbogbo ohun tí ẹ bá sọ lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ìràwọ̀ náà, nítorí ìbẹ̀rù yín pọ̀ ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ. Ẹni márùn-ún fún yín ní márùn-ún, 25 nìyẹn. Ẹnì kan fún yín ní ọ̀kan, ó di 26. Ẹ pín in sí mẹ́fà, 4.3 ló kù. Ẹni tó ti ní igba rífíù kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá; 5.0 náà ni yóò ṣì máa hàn lójú-ewé rẹ̀. Kì í ṣe pé oníbàárà kan burú tó bẹ́ẹ̀, rífíù yín ló kéré. Bí ẹni mẹ́wàá mìíràn tó jókòó sórí àga yín ní tòótọ́ bá fún yín ní márùn-ún, àpapọ̀ yóò di 76, ẹ pín in sí 16, ó di 4.75, Google yóò sì gbé e jáde bíi 4.8. Ẹni mẹ́wàá ni o, àní kì í ṣe àádọ́ta.

Kí ló dé tí ti yín fi kéré nígbà tí ṣọ́ọ̀bù yín kì í ṣófo? Ìlú wa ló fà á. Ẹni tó mọ̀ yín, tí ẹ jọ ń pàdé ní Ọjà Ọba, tí ìyá rẹ̀ mọ ìyá yín, kò ní lọ kọ ohun tó dùn ún sórí Google. Ojú ni í rójú ṣàánú. Yóò sọ ọ́ fún yín, tàbí kó sọ ọ́ fún aládùúgbò yín kó lè dé ọ̀dọ̀ yín, tàbí kó kàn má padà wá mọ́. Ìyìn rẹ̀ náà, ẹnu ló fi ń ṣe é. Àwọn tó ń kọ nǹkan ni àwọn tí kò mọ̀ yín: akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì EKSU tó ń gbé ní Ìwòrókò, òbí tó wá síbi àṣekágbá ọmọ rẹ̀ ní yunifásítì ABUAD, ẹni tó ti Èkó wá síbi ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn yìí kan náà ló sì ń kà á, nítorí wọn kò ní ẹni tí wọ́n máa bi léèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Harvard, Michael Luca, ṣe ìwádìí lọ́dún 2011 lórí àwọn ilé oúnjẹ ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà tó wà lórí Yelp, ìkànnì tí wọ́n ti ń kọ rífíù níbẹ̀. Ó rí i pé bí ilé oúnjẹ bá fi ìràwọ̀ kan lé sí i, owó tó ń wọlé fún un ń fi ìdá márùn-ún sí mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún gbéra. Ṣùgbọ́n èyí kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ilé oúnjẹ ńlá tí orúkọ wọn wà káàkiri. Àwọn adádúró ló kàn. Seattle kọ́ ni Adó, oúnjẹ kọ́ sì ni irun, n kò ní sọ pé iye kan náà ni yóò jẹ́ fún yín. Síbẹ̀, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà kò jìnnà sí tiwa: ẹni tí àjèjì kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ìràwọ̀ ń ṣe lóore jù, òun náà ló sì ń pa lára jù.

Ibi tí mo ti bá yín kẹ́dùn jù ni pé iṣẹ́ tí a fọwọ́ ṣe sí ara ènìyàn ṣòro láti fi ìràwọ̀ wọ̀n. Fáànù tí ẹnì kan rà tí kò yí, kò yí ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Irun tí ẹ dì ńkọ́? Apá kan rẹ̀ wá láti ọwọ́ yín, apá kan láti orí oníbàárà. Ó fi àwòrán hàn yín lórí Instagram. Wígì ni ẹni inú àwòrán dé, wọ́n sì ti fi fóònù tún ojú àti irun rẹ̀ ṣe. Ẹ ní àtàṣì mẹ́jọ ni yóò gbà, mẹ́ta ló mú wá. Irun iwájú orí rẹ̀ sì ti já kó tó mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹlòmíràn ti fi ìyàrí họ orí rẹ̀ lóru, ó wá ní kí ẹ fi rìláṣà sí i láàárọ̀. Kẹ́míkà tó le ni rìláṣà, awọ orí tó ti bó kò lè gbà á. Òun kò sọ, ẹ̀yin kò bèèrè, orí ta, ẹnì kan sì mú fóònù jáde. “Ẹ ṣe é kó kéré” ńkọ́? Kékeré tirẹ̀ lè jẹ́ èyí tí ẹ máa jókòó tì láti àárọ̀ di alẹ́, kékeré tiyín lè jẹ́ ti wákàtí mẹ́ta. Nínú gbogbo èyí, ìdajì ìjà tí mo ti bá wọn parí ni kì bá ti ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán kí òòyà tó kan irun: iye owó, iye àtàṣì, wákàtí tí yóò gbà, ohun tí irun rẹ̀ lè gbà àti èyí tí kò lè gbà. Ẹ ya àwòrán orí rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bó bá gbà fún yín.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn onídìrí kì í fẹ́ kí n sọ. Irun tí wọ́n dì le jù máa ń rẹwà gan-an lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ń dán, ó tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹni tó bá kọ rífíù lórí àga yóò fún un ní márùn-ún tayọ̀tayọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni kókó wẹ́wẹ́ máa yọ sí ẹ̀bá orí, nígbà tó bá sì tú u ni yóò rí i pé irun iwájú ti ń lọ. Ìràwọ̀ márùn-ún tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì kúrò lórí àga lè ṣi ènìyàn lọ́nà bí ìràwọ̀ kan tí wọ́n fi ìbínú kọ. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n má dúró ti oníbàárà lórí pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ojú yóò tì í, yóò kàn kọ ohun tí wọ́n fẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ẹ bi í bí irun ṣe ń ṣe, ẹ fi ibi tí yóò kọ ọ́ sí ránṣẹ́. Gbogbo wọn ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí, kì í ṣe àwọn tó rẹ́rìn-ín nìkan. Òfin Google kò gba kí ẹ máa ṣà wọ́n ní àṣàyàn.

Ní ti kí Google yọ ọ́ kúrò: Google kì í yọ rífíù nítorí pé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù sọ pé irọ́ ni. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Google ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan, kò jókòó láàrin yín. Ohun tó ń wò ni bóyá rífíù náà rú òfin tó fi lélẹ̀: èébú, ìhalẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò kan iṣẹ́ náà, ẹni tó kọ ọ́ láì dé ibẹ̀ rí, ẹni tí ẹ jọ ń ṣòwò kan náà, òṣìṣẹ́ àtijọ́ tó ń gbẹ̀san. Ẹ tẹ àmì tótó mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rífíù náà, ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sùn, kí ẹ mú ìdí kan ṣoṣo tó bá a mu jù. Bí wọ́n bá ní àwọn kò rí ohun tó burú níbẹ̀, ààyè wà láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un wò lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ má kó gbogbo ẹbí jọ kí wọ́n máa fẹjọ́ sùn, òfin ni wọ́n ń wò, kì í ṣe iye orí. Ní tòótọ́, n kò ní fi ọkàn yín balẹ̀ lásán: “Wọ́n ba irun mi jẹ́” dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó wá dìrí, ó ṣeé ṣe kó dúró síbẹ̀. Ẹ máa ṣe bí ẹni pé yóò dúró.

Ọmọkùnrin tó fẹ́ ta àádọ́ta rífíù fún yín, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Google sọ fúnra rẹ̀ pé lọ́dún 2023 òun dí tàbí yọ rífíù tó lé ní mílíọ̀nù 170 tó rú òfin òun, ó sì ju mílíọ̀nù 240 lọ ní 2024. Ohun tó sì ń tú àṣírí irú wọn kò ju kí àádọ́ta ènìyàn ṣàdédé yin onídìrí kan ní Òkè-Ìlá láàrin ọjọ́ méjì, kí àwọn àádọ́ta náà sì ti yin ilé ìwòsàn eyín kan ní orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí wọ́n bá mú yín, wọ́n lè yọ rífíù yín, wọ́n lè dí ọ̀nà fún rífíù tuntun fún ìgbà kan, wọ́n sì lè kọ ọ́ sójú-ewé yín gbangba pé àwọn yọ rífíù ayédèrú kúrò níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó ka rífíù ayédèrú léèwọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kẹwàá 2024. Ní Ìlú Ọba, láti oṣù kẹrin 2025. N kò sọ pé wọ́n á ti ibẹ̀ wá mú yín. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ohun tí ọmọ náà ń pè ní iṣẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni níbòmíràn. Lọ́dún 2017, akọ̀ròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Oobah Butler, sọ ahéré ẹ̀yìn ilé rẹ̀ di ilé oúnjẹ lórí TripAdvisor, ìkànnì tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń kọ rífíù, ó ní kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa kọ ìyìn sí i. Ilé oúnjẹ tí kò sí yìí ló di ipò kìíní ní gbogbo Lọ́ńdọ̀nù. Ayé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn tó ń se oúnjẹ ní tòótọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lójú-ewé yẹn kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Ipò onídìrí mìíràn ni ẹ máa gbà bí ẹ bá ra tiyín, títí kan ti ọmọ tí ẹ ń fura sí.

Ti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kò yàtọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Arábìnrin tó ti wá dìrí lọ́dọ̀ yín lè kọ ohun tó rí. Ẹni tí kò wá rí, irọ́ ló fẹ́ pa fún yín, ìfẹ́ tó ní sí yín kò sọ ọ́ di òótọ́. Àbúrò yín àti àwọn ọmọṣẹ́ yín náà kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Ẹ má sì fi “kọ rífíù, kí o gba ẹ̀dínwó” ta irun. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń ṣe é, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ Google.

Inú ń bí ọkọ yín nítorí yín, mo gbọ́ ọ yé. Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, lọ́yà ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí ọ̀nà ọlọ́pàá máa ń já sí. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, obìnrin kan sọ lórí Facebook pé tòmátò inú agolo kan dùn jù, ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ọlọ́pàá mú un ní Èkó, wọ́n gbé e lọ sí Àbújá, iléeṣẹ́ tó ń ṣe tòmátò náà sì pè é lẹ́jọ́ bílíọ̀nù márùn-ún náírà. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ì bá kà di ohun tí gbogbo Nàìjíríà ń sọ. Òfin tí wọ́n sábà máa ń dì mú nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí ni abala 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015. Kóòtù ECOWAS sọ ní oṣù kẹta 2022 pé abala náà tako ẹ̀tọ́ ènìyàn láti sọ̀rọ̀, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024. Ohun tó kan irú ọ̀rọ̀ yìí nínú rẹ̀ báyìí ni irọ́ tí ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì fi fẹ́ dá ìlú rú tàbí kó fi ẹ̀mí ènìyàn sínú ewu. Irun tó bàjẹ́ jìnnà sí ìyẹn. Ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ yàtọ̀: “Irun náà kò wù mí” jẹ́ èrò ọkàn ẹni, òótọ́ sì máa ń gba ẹni tó sọ ọ́ sílẹ̀. “Olè ni wọ́n” ni ọ̀rọ̀ tó ní ẹ̀gún nínú, ṣùgbọ́n ta ni ẹ máa pè lẹ́jọ́ nígbà tí ẹ kò mọ ẹni náà? Owó lọ́yà yóò sì ju owó irun ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀ lọ.

Ohun tó wà níkàáwọ́ yín ni èsì. Ẹni tó kọ rífíù yẹn kọ́ ni ẹ ń dá lóhùn, ẹni tó fẹ́ wá lóṣù tó ń bọ̀ ni. Bí ìwádìí yín kò bá mú nǹkan jáde, ẹ kọ báyìí: “Ẹ kú ìrọ́jú. A wo ìwé ṣọ́ọ̀bù wa, a kò rí orúkọ yìí, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni ẹ fi wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wá lórí nọ́ńbà tó wà lójú-ewé yìí, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ wá àti irun tí ẹ dì, a ó jọ wò ó.” Kó mọ síbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọmọṣẹ́ yín jẹ́wọ́, ẹ tọrọ àforíjì níbẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìbínú mú yín tú àṣírí oníbàárà. Onídìrí mọ ohun tí dókítà mìíràn kò mọ̀: ẹni tí lápálápá wà lórí rẹ̀, ẹni tí irun rẹ̀ ti tán lábẹ́ gèlè, ẹni tó jẹ gbèsè, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò mọ̀ pé ó wá. Mo rí ẹnì kan tó fi “ìwọ tí orí ń rùn” dá oníbàárà lóhùn. Rífíù náà ì bá ti di ohun ìgbàgbé, èsì ni kò jẹ́.

Ó wá ku oníbàárà tó halẹ̀ mọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé ìhalẹ̀ náà ná, kí ẹ wo irun. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018, èyí tó dá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀, fún ẹni tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ tí kò dáa fún ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá ìwọ̀n kan padà nínú owó tó san. Bí irun náà bá bàjẹ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, bó dárúkọ Google bí kò dárúkọ rẹ̀. Bó bá sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, òótọ́ ló kọ. Ẹ má sọ fún un pé “màá san án bí o bá ṣèlérí pé o kò ní kọ nǹkan”. Ẹnu rẹ̀ ni ẹ fẹ́ fi owó rà yẹn, ọjọ́ tó bá jáde, ẹ̀yin ni yóò dójú tì. Àmọ́ bí irun bá dára, tó ti gbé e lọ síbi ìgbéyàwó, tó ti fi ya fọ́tò, tó wá ń béèrè gbogbo owó, ohun tó ń ṣe yẹn ni wọ́n ń pè ní fífi rífíù gba owó lọ́wọ́ ẹni. Ẹ tọ́jú gbogbo ohun tó bá kọ ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ má san nǹkan kan. Bó bá kọ irọ́, ohun tí ẹ tọ́jú ni ẹ máa fi fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Lẹ́tà yín kò sọ bí irun náà ṣe rí, nítorí náà n kò lè dá a fún yín.

Ní ti ọmọ tó ṣe fìrídọ́ọ̀mù, ẹ má dárúkọ rẹ̀ nínú èsì, ẹ má sì ṣẹ́ òwe lù ú lórí WhatsApp. Bí ẹ bá ní ẹ̀rí tó ju ọkàn yín lọ, alága ẹgbẹ́ onídìrí wà, òbí tó mú un wá buwọ́ lùwé lọ́dọ̀ yín náà wà. Níbẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ. Bó bá sẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kọ èsì yẹn lónìí, ẹ fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ Google lónìí kan náà, kí ẹ sì pe oníbàárà kejì yẹn kó tó di Sátidé, kó wá jókòó kí ẹ wo orí rẹ̀.